Àǹtí Jẹ́léósinmi Náà Gbọ́dọ̀ Kọ́ṣẹ́

Bí ọ̀dọ́bìnrin kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe WAEC tán, tó ń dúró de JAMB, tó sì wáṣẹ́ lọ sí ilé ìwé aládàáni kan ládùúgbò, a kò ní lọ dá Ifá ká tó mọ kíláàsì tí wọn yóò fún un. Ti àwọn ọmọ ọdún 3 ni. "Ọmọ kékeré ni wọ́n, kí ló tún fẹ́ kọ́ wọn?" Ẹni tó ní NCE lọ́wọ́, Páímárì 5 ni wọ́n ń gbé e lọ, níbi tí ìdánwò àtiwọ girama ti ń bọ̀. Àwọn ilé ìwé ìjọba náà ò gbẹ́yìn nínú àṣà yìí. Ètò náà dorí kodò, mo sì fẹ́ kí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá tún un tò.

Ẹ wo ọmọ ọdún 3 tí wọ́n fún ní pẹ́ńsùlù. Ìka márààrún ló fi gbá a mú bí ẹni di ọmọrogùn mú. Àǹtí tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ níṣẹ́ á rò pé olóríkunkun ni. Á di ọwọ́ ọmọ mú, á máa wọ́ ọ lórí ìwé títí A yóò fi jáde, ọmọ á sì máa sunkún. Àǹtí tó kọ́ṣẹ́ mọ̀ pé eegun kéékèèké 8 ló wà ní ọrùn ọwọ́ àgbàlagbà, àti pé lọ́wọ́ ọmọ ọdún 3, púpọ̀ nínú wọn kò tíì le di eegun. Yóò gbé pẹ́ńsùlù sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò bu amọ̀ fún un kó fi mọ àkàrà. Lọ́jọ́ kejì, yóò da ọmọ ayò síwájú rẹ̀ pé kó máa fi ìka méjì ṣà wọ́n sínú agolo mílíìkì, kó sì máa kà wọ́n sókè. (Yóò jókòó tì í o, torí ọmọ ọdún 3 kì í pẹ́ ju nǹkan sẹ́nu, ìyẹn náà wà nínú iṣẹ́.) Òbí tó bá yọjú á ní eré ni wọ́n ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ ìwé kíkọ àti ìṣírò ló ń lọ lọ́wọ́ níbẹ̀.

Àǹtí tó kọ́ṣẹ́ yìí náà ló máa kọ́kọ́ fura sí ọmọ tí kì í dáhùn bí wọ́n bá pè é látẹ̀yìn. Etí ọmọ náà ló ń dùn ún; àwọn tó kù ti pè é ní ọ̀dẹ̀.

Òfin kò ṣàì sí. Ìlànà ẹ̀kọ́ Nàìjíríà sọ pé NCE ni ìwé ẹ̀rí tó kéré jù fún olùkọ́. Ẹ̀dà ọdún 2013 fi ọdún kan ṣáájú Páímárì 1 kún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ó sì ní kí olùkọ́ jẹ́lé má ṣe ní ju ọmọ 25 lọ. Òfin TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, ti wà láti 1993. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni náà ní ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́ta lórí ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọdé. Ṣùgbọ́n ìwé ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí wọ́n tó rán wọn lọ dúró níwájú ọmọ fún sáà kan. Àǹtí tó sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kò lè fi owó oṣù tín-ń-tín tó ń gbà sílẹ̀ kó lọ jókòó sí kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Nítorí náà, ẹ má lé àwọn àǹtí tí kò kọ́ṣẹ́. Ibi tí wọ́n wà ni kẹ́ ẹ ti kọ́ wọn. Ẹ̀kọ́ sáńwíìṣì tí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ń ṣe nígbà ìsinmi gígùn wà nílẹ̀. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ san owó rẹ̀ fún ẹni tó bá ti lo ọdún méjì pẹ̀lú àwọn ọmọ kékeré. Kí olùkọ́ àgbà kan máa wá jókòó ní kíláàsì rẹ̀ lóṣooṣù, kó máa wò ó bó ṣe ń ṣe é. Àwọn tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí wọ́n ti máa rí ọmọ láti ọdún kìn-ín-ní.

Owó ńkọ́? Nínú owó tí UBEC, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, àti àwọn ìpínlẹ̀ jọ ń dá, ìlànà tí wọ́n ti ń lò fún ọ̀pọ̀ ọdún fi ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 35 sí girama kékeré, 5 péré sí jẹ́léósinmi. Àwòrán erin àti ẹkùn lára ògiri la sì máa ń rí nínú ìdá 5 yẹn.

Àwọn kan yóò ní kò ṣeé ṣe. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1955, nígbà tí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, àwọn ọmọ tó wà nílé ìwé ti lé ní 800,000, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ti ọdún tó ṣáájú. Olùkọ́ kò tó. Ìjọba ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni káàkiri, wọ́n sì kọ́ wọn. Àwọn ọmọ jẹ́léósinmi ni ètò yẹn kò kàn.

Àwọn tó ni ilé ìwé ń bẹ̀rù pé bí àǹtí bá kọ́ṣẹ́ tán, yóò sá lọ síbi tí owó gbé pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èyí tí kò kọ́ṣẹ́ ṣé kì í lọ ni? Ní ti ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tí ẹ ń ra gáùn àti fìlà ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde fún ọmọ ọdún 5, ẹ bi ilé ìwé léèrè ohun tí àǹtí rẹ̀ kọ́ kí ẹ tó sanwó gáùn.

Kí ìpínlẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ ilé ìwé: lẹ́yìn ọdún 5, kò gbọdọ̀ sí kíláàsì ọmọ tí kò tó ọdún 6 tí kò ní ẹnì kan tó ti kọ́ṣẹ́ yìí, tàbí tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́. Ilé ìwé tí kò bá ní, kí wọ́n má ṣe tún àṣẹ rẹ̀ fún un.