Ẹ Gbà Á Gbọ́ Tó Bá Ní Ó Ń Dun Òun

Àwọn kan máa ń sọ fún obìnrin tó lọ ṣe IVF pé kó mú un mọ́ra, ṣebí ọmọ ló ń wá. Àwa ò gbà! Abẹ́rẹ́ gígùn ni wọ́n ń ti ojú ara kì bọ ilé ẹyin. Ta ló ń yọ eyín láìgba oògùn, áḿbèlètàsé ẹyin?

Ní 2020, níbi tí Fásitì Yale ti ń tọ́jú àwọn tó ń wá ọmọ ní Amẹ́ríkà, nọ́ọ̀sì kan ń jí fentanyl, oògùn ìrora, ó ń fi omi oníyọ̀ dípò rẹ̀. Àwọn obìnrin ní àwọn pariwo títí, wọn ò ka àwọn sí.

Kí dókítà ti sọ oògùn tó fẹ́ lò ṣáájú. Bí obìnrin bá ní ó ń dun òun, kó dáwọ́ dúró, kó yẹ oògùn wò, kó fi kún un.