Ohun Tí Kò Lè Pariwo Ni Wọ́n Máa Ń Gé Kúrò

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á máa bèèrè pé kí ló kan ọmọ Ẹ̀ka Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn. Ó kàn wá, ó sì kàn wá ju bí a ṣe rò lọ. Ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń dàrú.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé aṣọ lọ fún telọ nígbà tí ọdún Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan ti mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Yáàdì mẹ́rin lo gbé dání, agbádá lo fẹ́, ọjọ́ Jímọ̀ lo fẹ́ gbà á, owó bùbá àti ṣòkòtò lo sì fẹ́ san. Telọ tó bá jẹ́ olóòótọ́ á sọ fún ọ lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ yẹ̀: kí o ra aṣọ sí i kí o sì fi owó kún owó, kí o dúró di ẹ̀yìn ọdún, tàbí kí o gba bùbá. Telọ tí kì í ṣe olóòótọ́ á ní "kò séwu". Ìgbà tí o bá wọ aṣọ dé yídì lo máa tó mọ ibi tó ti rẹ́ ọ jẹ. Abẹ́ apá á bẹ̀rẹ̀ sí í tú, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ló fi ẹ̀rọ gba ibi tó yẹ kó gbà lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí ojú rẹ kò tó ló ti gé iṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ ẹ̀rọ ìlera rí. Bí iṣẹ́ ṣe fẹ̀ tó, ọjọ́ tó máa parí, àti owó tó wà nílẹ̀: bí méjì bá ti dúró gbọin, ẹ̀kẹta ló máa tẹ̀. Èrò tèmi ni pé nínú iṣẹ́ ìlera, fífẹ̀ iṣẹ́ náà ló yẹ kó kọ́kọ́ tẹ̀, kí àwọn tó ń ṣe é sì sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn ti dín in kù. Èyí tí a sábà máa ń rí ni pé kò sẹ́ni tó máa dín nǹkan kan kù lójú ayé. Wọ́n á wá ohun tí kò lè pariwo, wọ́n á gé e lábẹ́lẹ̀.

Ẹ wo Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹta, ọdún 2010, Ààrẹ Barack Obama buwọ́ lu òfin adójútòfò ìlera tí àwọn èèyàn ń pè ní Obamacare. Lára ohun tó tẹ̀ lé e ni ojú òpó HealthCare.gov, níbi tí ẹni tí kò ní adójútòfò ti lè yan èyí tí agbára rẹ̀ ká. Ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, ọdún 2013 ni wọ́n dá fún ṣíṣí rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ti di ọ̀rọ̀ òṣèlú; ẹni tó bá ní kí wọ́n sún un síwájú, ó ti fi ẹnu alátakò jẹun nìyẹn. Wọ́n ti lérò tẹ́lẹ̀ pé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló máa ṣe ojú òpó tiwọn. Ọ̀pọ̀ kọ̀, ìpínlẹ̀ 36 ló wá dà lé ojú òpó ìjọba àpapọ̀ lórí. Iṣẹ́ fẹ̀ sí i, ọjọ́ kò sún. Owó nìkan ló ń nà bíi rọ́bà: àdéhùn iléeṣẹ́ CGI Federal, tó ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, gbéra láti mílíọ̀nù 56 dọ́là ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011, ó lé ní mílíọ̀nù 209 nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2014.

Kí ni wọ́n wá rí gé? Àyẹ̀wò ni. Àwọn agbaṣẹ́ṣe fúnra wọn ló sọ níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin pé ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn ni wọ́n tó dán gbogbo ẹ̀rọ náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀sẹ̀ méjì, fún iṣẹ́ tó ń bá iléeṣẹ́ owó orí, àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò àti oríṣiríṣi iléeṣẹ́ ìjọba sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà! Wọ́n tún yọ ọ̀nà tí èèyàn ì bá fi kàn wo iye owó láìforúkọ sílẹ̀. Ó dà bíi nǹkan kékeré, àmọ́ ohun tó fà ni pé gbogbo èrò tó wá wòran ló di ẹnu ọ̀nà ìforúkọsílẹ̀ pa. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, èèyàn mẹ́fà péré ló forúkọ sílẹ̀ dé òpin. Mẹ́fà, kò pé méje.

Ohun kan tún wà tí àwọn oníròyìn kò fi bẹ́ẹ̀ pariwo lé lórí, tó sì yẹ kó dun àwa. Wọ́n ti ṣèlérí pé ojú òpó náà máa wà ní èdè Sípáníìṣì, èdè tí ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ń sọ nílé ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá kọjá, èyí tí wọ́n lè fi fúnra wọn forúkọ sílẹ̀ ní èdè náà kò yọjú. Oṣù Kejìlá ló tó dé, àwọn tó gbọ́ èdè náà sì tún ń ṣàròyé pé àmúlùmálà ni. Ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n gé: àyẹ̀wò lákọ̀ọ́kọ́, èdè tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì kì í lọ sípàdé, wọn kì í sì í bá ọ̀gá jiyàn.

Kí n má purọ́ mọ́ wọn, wọ́n tún un ṣe. Wọ́n kó àwọn ògbóǹtarìgì wọlé, wọ́n sì wá ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n ti ṣe lóṣù mẹ́fà ṣáájú: wọ́n kéde ní gbangba pé apá tó wà fún àwọn oníṣòwò kéékèèké máa dúró fún ọdún kan. Nígbà tí wọ́n fi máa ti ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọdún náà ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, àwọn tó ti gba ibẹ̀ yan adójútòfò ti lé ní mílíọ̀nù márùn-ún.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 2002 ni ìjọba Tony Blair bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan lábẹ́ NHS, kí àkọsílẹ̀ gbogbo aláìsàn ní England lè wà lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n pín orílẹ̀-èdè náà sí agbègbè, wọ́n gbé e fún àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá. Accenture yọwọ́ ní 2006, àdéhùn Fujitsu fọ́ ní 2008, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011 ìjọba ní kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ ká. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin wọn sọ ní 2013 pé bílíọ̀nù 9.8 pọ́n-ùn ló máa ná wọn. Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ló ṣòfò o. Fífi àwòrán X-ray ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ yè é, ọ̀nà tí àkọsílẹ̀ ń gbà lọ láti ibì kan sí ibòmíràn náà yè é. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ń ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀ lónìí ṣì ń lò wọ́n. Tèmi ni pé àwọn tó yè yìí ni ibi tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí wọ́n parí hàn kedere. Èyí tó fẹ́ jẹ́ ohun gbogbo fún gbogbo dókítà ló kú.

Tiwa náà ní àpẹẹrẹ, rere sì ni. Ní ogúnjọ́ oṣù Keje ọdún 2014 ni arìnrìn-àjò kan gbé Ebola wọ Èkó. Ogún èèyàn ló kó o, mẹ́jọ kú, nígbà tó fi di ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Títọpa ẹni tó fara kan aláìsàn, láti ilé dé ilé, ló gbà wá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ láti Nàìjíríà àti Jámánì jókòó, wọ́n bèèrè ohun tó fa ìdádúró lọ́wọ́ àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n sì fi ìdáhùn wọn ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní SORMAS. Wọn kò gbé e lọ sí gbogbo ìpínlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wọ́n dán an wò ní Ọ̀yọ́ àti Kánò ní 2015. Nígbà tí monkeypox bẹ́ sílẹ̀ ní 2017, wọ́n fi àrùn náà kún èyí tó ti wà nílẹ̀, iṣẹ́ ń lọ. Nígbà tí COVID-19 dé, àwọn ọ́fíìsì ìlera ní Jámánì náà lò ó. Ohun tí a fi ìyà Èkó kọ́ ló kọjá òkun lọ yẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ̀ sílé. Ní sáà tó kọjá, àwọn kan tó ń ṣe ètò fífi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn aláboyún wá bá èmi àti àwọn mẹ́ta kan ní kíláàsì wa. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n wá. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fẹ́ ṣí i, pẹ̀lú àwọn oníròyìn níjòókòó. Àtẹ̀jíṣẹ́ 90 ni, ẹ̀rọ ti túmọ̀ ẹ̀, kí àwa kàn "fojú sáré wò ó". Owó tó wà fún un? Káàdì dátà àti jọ̀lọ́ọ̀fù. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi gba owó pé Yorùbá máa wà, wọn ò kàn kọ iye tí Yorùbá máa ná wọn ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀ á ti mọ ohun tí a bá níbẹ̀. "Discharge" tó jẹ́ omi ara, ẹ̀rọ ti sọ ọ́ di "ìtúsílẹ̀", bí ẹni tó ń ti ẹ̀wọ̀n bọ̀. A yí i sí "bí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lójú ara yín". "Delivery" di "ìfijíṣẹ́", àfi bí ẹni pé ọlọ́kadà ló ń gbé ọmọ náà bọ̀. Èdè tó ní "ọjọ́ ìkúnlẹ̀" kò tọ́ sí irú ìyẹn.

Àmọ́ ibi tí owó ti wọ̀ ọ́ gan-an ló yà mí lẹ́nu. Àtẹ̀jíṣẹ́ SMS kan máa ń gba lẹ́tà 160 bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí "ẹ", "ọ" tàbí "ṣ" kan ṣoṣo bá ti wọ inú rẹ̀, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà á bọ́ sí ìlànà mìíràn tí kò gbà ju 70 lọ. Bó bá gùn jù bẹ́ẹ̀, wọ́n á gé e sí 67, 67. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ lẹ́tà 150, tí Gẹ̀ẹ́sì ń san owó ọ̀kan fún, owó mẹ́ta ni Yorùbá máa san. "Ẹ́" tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ tún máa ń jẹ àyè lẹ́tà méjì (àbí ẹ ti rí bí wọ́n ṣe ń gba owó àmì ohùn lọ́wọ́ wa). Nígbà tí akọ̀wé owó wọn rí i, wọ́n ní kí a yọ gbogbo àmì.

A yọ ọ́ wò. "Ẹ lo oògùn náà" di "E lo oogun naa". Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí ìyá náà lo oògùn ni tàbí kó lọ ọ́? Oògùn wà tí a kò gbọ́dọ̀ lọ̀.

Ẹnì kan nínú wọn dá mi lóhùn pé ojoojúmọ́ ni gbogbo wa ń kọ Yorùbá láìsí àmì lórí WhatsApp, a sì ń gbọ́ ara wa yé. Òótọ́ ni, èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí WhatsApp, bí ọ̀rọ̀ bá rú mi lójú, mo lè bi ẹni tó kọ ọ́. Nọ́ńbà tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ránṣẹ́ kì í gba èsì. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní ohùn, kí wọ́n máa pe àwọn ìyá náà. Ìyẹn ló dára jù lójú tèmi, nítorí àwọn tí kò mọ̀wé kà wà níbẹ̀, àmọ́ kò sí àkókò mọ́.

Mo wá ní kí wọ́n mú 90 wá sí 30: àmì ewu, oògùn, ọjọ́ àyẹ̀wò, ibi tí wọ́n lè sáré gbà lóru. Kí 30 yẹn ní àmì, kí a kà á sí etí àwọn aláboyún díẹ̀ kó tó jáde. Wọ́n kọ̀. Àádọ́rùn-ún ló wà nínú ìwé, àádọ́rùn-ún ni wọ́n gbọ́dọ̀ kà fún olówó. A ṣe àwọn tó jẹ mọ́ ewu dáadáa, a tún "lo" yẹn kọ sí "ẹ gbé oògùn náà mì pẹ̀lú omi", ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú sì ṣú. Àwọn yòókù jáde bí wọ́n ṣe rí.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ wà nínú irú àjọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ni mo ń kọ̀wé sí gan-an. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kọ ìwé ìbéèrè owó, kó tó di pé ẹnikẹ́ni dá ọjọ́ ìṣílé, ẹ fi ìlà kan sí i fún ògbufọ̀, ìlà kan fún owó SMS mẹ́ta dípò ọ̀kan tàbí fún ohùn, ìlà kan fún ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa fi ka àwọn ọ̀rọ̀ náà sí etí àwọn ìyá ní ilé ìtọ́jú aláboyún. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá ga jù, ẹ dín iye àtẹ̀jíṣẹ́ kù. Ọgbọ̀n ni mo sọ fún àwọn tó wá bá wa. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì sí ẹni tó ṣàlàyé fún mi ìdí tí ọgbọ̀n kò fi tó.