Ààrò Mẹ́ta, Iná Kan

Agbára ẹ́ńjìnnì reluwé elédùú kò sí ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Inú bọ́ìlà tó ń sọ omi di ooru ló wà. Òótọ́ yìí ni ilé iṣẹ́ Baldwin ní Amẹ́ríkà fojú fò láàárín ọdún 1914 sí 1916, nígbà tó kọ́ ẹ́ńjìnnì Triplex mẹ́rin: mẹ́ta fún reluwé Erie, ọ̀kan fún ti Virginian. Èrò wọn ni pé ọkọ̀ èédú àti omi tó ń tẹ̀ lé ẹ́ńjìnnì wúwo, kí ìwúwo náà má ṣe lọ lásán. Wọ́n fi ẹsẹ̀ 8 tó ń ṣiṣẹ́ sábẹ́ rẹ̀, kún 16 tó wà níwájú. Lóòótọ́, ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, ṣùgbọ́n iná ló ń se ọbẹ̀, kì í ṣe ààrò.

Bọ́ìlà kan ṣoṣo ló ń bọ́ sílíńdà 6 tó ń yí ẹsẹ̀ wọ̀nyí. Ooru á kọ́kọ́ wọ méjì tó wà láàárín, á sì pín sí iwájú àti ẹ̀yìn. Nínú ẹ́ńjìnnì elédùú, ooru tó ti ṣiṣẹ́ tán tó ń tú jáde gba ihò èéfín ló ń fa atẹ́gùn sí iná. Ti iwájú nìkan ló gba ibẹ̀ nínú Triplex. Páìpù tó wà lẹ́yìn ni ìdajì yòókù bá lọ. Ẹ́ńjìnnì tí ebi ooru ń pa jù wá ń fi ìdajì èémí fẹ́ iná rẹ̀. Bó bá ti fẹ́ sáré ju nǹkan bíi kìlómítà 16 lọ ní wákàtí kan, ooru á tán. Bí èédú àti omi sì ṣe ń dínkù, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń fúyẹ́, tó ń yọ̀ lórí irin: ìwúwo tó gbójú lé gan-an ló ń jẹ tán.

Àwọn kan á ní ṣebí ti Erie fa ọkọ̀ ẹrù 250 nígbà ìdánwò ọdún 1914. Ó fà wọ́n lóòótọ́, àmọ́ fífà lọ́jọ́ kan yàtọ̀ sí iṣẹ́ ojoojúmọ́. Àwọn mìíràn á ní òkè ni wọ́n kọ́ ọ fún, níbi tí eré kò ti pọn dandan. Virginian ló já àwíjàre yìí: èédú ni wọ́n ń kó, òkè ni wọ́n ń gùn, síbẹ̀ wọ́n dá tiwọn padà fún Baldwin ní 1920, wọ́n sì pín in sí ẹ́ńjìnnì méjì. Ní 1918, reluwé kan náà ti ra ẹ́ńjìnnì 10 lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Alco. Ẹsẹ̀ 20 péré ló ń fà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n bọ́ìlà wọn tóbi, wọ́n sì ṣiṣẹ́ wọ àwọn ọdún 1940. Òkè kan náà ni, èédú kan náà ni. Iná ló yàtọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹrù gòkè, iná ni kó kọ́kọ́ wá.