Ẹ Kọ́ Ọmọ Láti Dá Ẹ̀tanú Mọ̀

A kì í bí ẹ̀tanú mọ́ ọmọ. Lójú àti lẹ́nu àgbà ló ti ń kọ́ ọ, kì í sì í mọ ìgbà tó di bárakú fún òun. Ní àwọn ọdún 1940, Kenneth àti Mamie Clark, tọkọtaya onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kó ọmọlangidi 4 tí àwọ̀ nìkan fi yàtọ̀ síra síwájú àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú. Wọ́n ní kí wọ́n mú èyí tó dára, ọ̀pọ̀ mú funfun. Wọ́n ní èwo ni kò dára, ọ̀pọ̀ nawọ́ sí dúdú. Nígbà tí wọ́n béèrè èyí tó jọ wọ́n, àwọn kan bú sẹ́kún. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà tọ́ka sí iṣẹ́ yìí lọ́dún 1954, nígbà tó dájọ́ pé yíya ilé-ìwé ọmọ dúdú sọ́tọ̀ lòdì sí òfin.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, dúdú tàbí funfun, ni ọ̀gá ọ̀la. Nínú ìwádìí tí Marianne Bertrand àti Sendhil Mullainathan gbé jáde lọ́dún 2004, ẹni tó ń jẹ́ Emily tàbí Greg, orúkọ tó jọ ti aláwọ̀ funfun, ń rí ìpè kan nínú ìwé ìwáṣẹ́ 10; ẹni tó ń jẹ́ Lakisha tàbí Jamal, orúkọ tó jọ ti aláwọ̀ dúdú, ní láti kọ 15, bẹ́ẹ̀ ìmọ̀ wọn kò ju ara wọn lọ. Ó dájú pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn agbanisíṣẹ́ náà kò ní í gbà pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni àwọn. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, nítorí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ṣìnà kì í béèrè ọ̀nà.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde òpin ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí irú ẹ̀tanú tí ẹni tó ní in kò mọ̀ yìí fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kò sí ẹ̀rí pé ó ń yí ìwà padà. A gbà pé ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan kò lè tú ohun tí ogún ọdún dì; ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Kí a kọ́ ọ̀dọ́ láti bi ara rẹ̀ kó tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́: ṣé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ni n óò sọ bí àwọ̀ rẹ̀ bá jọ tèmi? Bí wọ́n bá sọ fún un pé ó ṣẹni, kí ó tọrọ àforíjì, kí ó sì tún un ṣe. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ní tirẹ̀, kí ó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ó sì fi tó àgbà tí yóò gbé ìgbésẹ̀ létí.

Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òbí Yorùbá tó ń yin ọmọ pupa, tó ń fi dúdú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ń tún ẹ̀kọ́ ọmọlangidi kọ́ àwọn méjèèjì. Ìdájọ́ wa ni pé ọmọ lè sọ pé òun kò mọ̀. Àgbà tó kọ̀ láti kọ́ ọ kò ní àwíjàre.