Ẹ má fi Fisíìsì dẹ́rù ba àwọn ọmọ wa

Kí ọmọ tó wọ SS1 tó ṣí ìwé Fisíìsì ni wọ́n ti máa ń sọ fún un pé iṣẹ́ olórí pípé ni. Bí tíṣà bá wá bi í ní ìbéèrè, tó ṣì í, tí kíláàsì fi í rẹ́rìn-ín, ó parí nìyẹn: kò ní nawọ́ mọ́. Èrò wa ni pé ìbẹ̀rù yìí ló ń lé ọmọ sá fún iṣẹ́ náà ju líle rẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ Fisíìsì kò ṣàjèjì sí ọmọ Òrù àti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹni tó bá ti rí àwọn agégẹdú níbi tí wọ́n ti ń yí ìtì igi gun ọkọ̀ mọ̀ pé wọ́n máa ń fi igi dagun sí ara ọkọ̀ náà. Ọ̀nà gùn sí i, ṣùgbọ́n agbára tí wọ́n ń lò dín kù. Ọmọ etí ọ̀sà ní Ogun Waterside mọ̀ pé òkúta kékeré a máa rì, tí ọkọ̀ ojú omi tó kún fún ẹrù a sì léfòó. Omi tí ọkọ̀ náà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ wúwo tó ọkọ̀ àti ẹrù inú rẹ̀ ni. Kí tíṣà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kí ó jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ ohun tó rí, kó tó kọ́ ọ ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò tí yóò lò fún WAEC.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 6, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó dùn wá pé ìlànà ẹ̀kọ́ ní èdè abínibí tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022, òun náà ló wọ́gi lé e ní 2025.

Kí ìjọba ìpínlẹ̀ pèsè irinṣẹ́ fún yàrá ìdánrawò, nítorí ọmọ tó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, ọwọ́ rẹ̀ yóò gbọ̀n. Kí ẹ̀yin tíṣà má gbà kí ẹnikẹ́ni fi àṣìṣe ọmọ ṣẹ̀sín. Ẹ bi í bó ṣe rò ó. Ẹ̀yin òbí, ẹ má sọ fún ọmọ pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n nílé yín rí. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ọmọ tí ẹ̀rù kò jẹ́ kó bèèrè ńkọ́?