Àlejò Ni Àwa Náà Rí: Ìwó, Gáná àti Ẹrù Ọjọ́ Mẹ́rìnlá

Ní ìparí oṣù Keje ọdún 2025, àwọn kan kóra jọ sí ìgboro Accra, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Gáná. Wọ́n gbé pátákó lọ́wọ́, wọ́n sì ń ké pé kí àwọn ọmọ Nàìjíríà di ẹrù wọn, kí wọ́n máa lọ. Ìjọba Gáná kò sí lẹ́yìn wọn. Ìjọba wa rán Mínísítà Bianca Odumegwu-Ojukwu lọ sí Accra, Ààrẹ John Mahama sì fi í lọ́kàn balẹ̀. Ariwo náà rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìlú bí Ìwó, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kò lè dún bí ohun tuntun létí àwọn àgbà. Ìgbà kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ariwo ojú pópó lásán, tí ó jẹ́ àṣẹ ìjọba.

Kí a tó dé Gáná, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ogun wà lára ohun tí ó sọ Ìwó di ìlú ńlá. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní nǹkan bí ọdún 1837, tí àwọn ìlú ọ̀dàn di ahoro, ìhà gúúsù ni àwọn ènìyàn sá gbà. Àwọn kan dúró ní Ìbàdàn àti Ìjàyè. Àwọn mìíràn wọ Ìwó, Ẹdẹ àti Òṣogbo, àwọn ìlú tí ó ti wà kí wọ́n tó dé, tí ó sì fún wọn ní ilẹ̀. Mùsùlùmí wà nínú wọn, abọ̀rìṣà sì wà nínú wọn. Títí di òní, oríkì ọ̀pọ̀ agbo-ilé lágbègbè wa ṣì ń dárúkọ àwọn ìlú tí igbó ti bò. Ìjọ Kristi pàápàá kò yọ sílẹ̀ nínú ìtàn yìí. Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí ogun kó ní Òṣóògùn ní 1821, ní Freetown láàárín àwọn tí a já gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú ni ó ti gba Kristi, kí ó tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864.

Lẹ́yìn ogun ni ìjọba àjèjì dé. Ìbàdàn, tí Ìwó wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ nígbà náà, tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ní 1893. Kí a sọ òtítọ́, àlàáfíà bá a wá: arìnrìn-àjò kò bẹ̀rù agbéni mọ́. Ṣùgbọ́n owó-orí tẹ̀lé e, owó òyìnbó ni a sì gbọ́dọ̀ fi san án. Ẹni tí kò rí i fà yọ nínú oko ní láti wá a lọ. Báyìí ni ọ̀nà Gáná, tí a ń pè ní Gold Coast nígbà náà, ṣe là fún àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ìwó, Ọ̀fà, Ṣakí àti Ìlọrin. Wọ́n gbé aṣọ àti wórọ̀wọ́rọ̀ lọ sí Kumasi, Tamale, Accra àti àwọn ìletò tí ọkọ̀ kò tíì dé. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní Gáná ní 1960, àwọn Yorùbá tó bí 100,000. Bíbélì Yorùbá wà nínú ẹrù wọn pẹ̀lú. Àwọn oníṣòwò wọ̀nyí ni wọ́n dá ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe òyìnbó. Fún ọdún púpọ̀, abẹ́ Àpapọ̀ Ìjọ Onítẹ̀bọmi Nàìjíríà ni àwọn ìjọ náà sì wà.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 ni àṣẹ jáde: àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọjọ́ 14, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ó kúrò. Gbèsè ti wọ ìjọba Gáná lọ́rùn, iṣẹ́ kò sí, ó sì rọrùn láti fi ẹnu ẹ̀sùn kan ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jà. Ọjọ́ mẹ́rìnlá! Ta ni ó lè gba àwìn ogún ọdún láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá? Ọjà di ọ̀pọ̀, ilé di títà ní ìdákúdà, ọ̀pọ̀ gbèsè kò sì san mọ́. Àwọn ọmọ tí a bí sí ọ̀hún, tí Twi tàbí Hausa yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní ìlú baba tí wọn kò rí rí. Ìjọ tí ó kún lọ́jọ́ Ìsinmi kan ṣófo kí oṣù tó yí.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí ó yẹ kí ó pa Kristẹni lẹ́nu mọ́. Kofi Busia, olórí ìjọba tí ó pa àṣẹ náà, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni, ó sì ń wàásù. Òun náà ti ṣe àtìpó: ó sá fún ìjọba Nkrumah ní 1959, ó gbé ní Netherlands àti ní Oxford kí ó tó pa dà sílé ní 1966. Ẹni tí ó mọ Ẹ́kísódù 22:21, tí ó sì mọ bí ilé àjèjì ti rí, ni ó ṣe èyí. Àwọn ológun lé e kúrò lórí oyè ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1972, Oxford náà ni ó sì kú sí ní 1978. N kò sọ ọ́ láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo sọ ọ́ nítorí pé àwa tí wọ́n lé kò ṣe dáradára jù ú lọ.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Ṣàgàrí fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n fi Nàìjíríà sílẹ̀. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ọmọ Gáná tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Ìwó wà nígbà náà, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1979 sì ti mú kí a nílò olùkọ́ gan-an. Ọ̀pọ̀ ọmọ Gáná ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Wọ́n há sí ojú ọ̀nà Ṣẹ̀mẹ̀ àti Kútọnu nítorí pé Gáná ti ti ẹnubodè rẹ̀. Àpò alápá méjì tí wọ́n di ẹrù sí ni a fún ní orúkọ ẹ̀fẹ̀ tí a ṣì ń pè é lọ́jà títí di òní. Ọdún 14 péré ni ó wà láàárín 1969 àti 1983. Àwọn tí ó sunkún bọ̀ láti Kumasi ṣì wà láàyè, wọ́n jókòó nínú ìjọ, a sì rí lára wa tí ó ń sọ pé ẹ̀san ti ké.

Ọ̀ràn yìí kò mọ sí ilẹ̀ adúláwọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939, Jámánì àti Rọ́ṣíà ìgbà Soviet pín orílẹ̀-èdè Poland mọ́wọ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni wọ́n kó lọ sí Sìbéríà. Nínú àwọn tí ó là á já, nǹkan bí 18,000, tí obìnrin àti ọmọdé pọ̀ jù nínú wọn, ni a kó wá sí ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà láti 1942. Ní Nyabyeya, lẹ́bàá Masindi ní Uganda, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì kan. Nígbà tí ogun parí, ìlú wọn ti bọ́ sábẹ́ agbára Soviet, ọ̀pọ̀ kò sì lè pa dà; Bìrìtìkó, Kánádà àti Ọsirélíà ni wọ́n forí lé. Ṣọ́ọ̀ṣì náà ṣì wà, àwọn ará Uganda ni ó ń jọ́sìn níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ Gáná ṣe gba iṣẹ́ Onítẹ̀bọmi tí àwọn ènìyàn wa fi sílẹ̀, tí wọ́n sì mú un gbòòrò.

Lónìí, ọ̀nà ti yí sí Bìrìtìkó àti Kánádà. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí a kì í gbàdúrà físà nínú ìjọ wa. Àdúrà dára. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò lè mú aya tàbí ọmọ wọ Bìrìtìkó mọ́, ní oṣù Keje ọdún 2025 sì ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn olùtọ́jú arúgbó tuntun láti òkèèrè. Ẹni tí ó ta ilẹ̀ baba rẹ̀ nítorí irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀, ta ni ó gbà á nímọ̀ràn nínú ìjọ?

Àlejò sì wà lọ́dọ̀ wa. Àwọn alágbàṣe láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú oko wa àti níbi tí a ti ń mọlé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ibi gbogbo wà ní Yunifásítì Bowen, tí a fi orúkọ àlejò kan láti Georgia sọ, ẹni tí ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850. Bí nǹkan bá sọnù ládùúgbò, ojú ta ni a kọ́kọ́ ń wò?

Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ 20 ọdún nígbà tí a lé wọn kúrò ní Gáná ti lé ní ọdún 75 báyìí. Kí akọ̀wé ìjọ kọ̀ọ̀kan ní Ìwó wá wọn lọ sílé, kí ó kọ orúkọ wọn, ìlú tí wọ́n gbé, ìjọ tí wọ́n ń lọ àti ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Kí ó wá ní kí wọ́n sọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ìwé ìrìnnà wọn ti wà nínú àpò.