Iye tí a pè kọ́ ni iye tí a san

Ní ọjà Sokodé, aláṣọ a pe aṣọ ní 5 000 fáráǹkì. A ó ná an, yóò sì gbà á ní 3 500. Bí a bá délé, tí wọ́n bi wá pé èló ni a ra aṣọ náà, 3 500 ni a ó sọ. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé iye tí a pè kọ́ ni iye tí a san.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan ilé àti ilẹ̀, a máa ń gbàgbé ọgbọ́n yìí. Alágbàtà kan yóò sọ lábẹ́ igi pé ilẹ̀ ti di mílíọ̀nù kan ní Tchamba. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé Kambolé. Kò sí ẹni tí yóò béèrè bóyá ẹnikẹ́ni san mílíọ̀nù náà.

Ìyá kan wà nínú kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà wa. Ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn, ó sì ta ilẹ̀ tí ó jogún lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Alágbàtà ni ó dá iye lé e. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ó gbọ́ pé ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí kò tóbi ju tirẹ̀ lọ, lọ ní ìlọ́po méjì. Ó bi mí pé: “Olùkọ́, ta ni ǹ bá ti bi léèrè kí n tó tà á?” N kò rí èsì fún un. Ìbéèrè rẹ̀ ni mo gbé wá síwájú yín lónìí.

Ilé-iṣẹ́ ìṣirò ìjọba wa, INSEED, ń gbé ìròyìn iye ọjà jáde lóṣooṣù. Ọ̀nà kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè 8 tí ó wà nínú UEMOA ń gbà ṣe é. Owó oúnjẹ wà nínú rẹ̀, owó ọkọ̀ wà nínú rẹ̀, owó ilé tí ayálégbé ń san náà wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tí a fi ra ilé tàbí ilẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ohun tí à ń jẹ tí à ń lò ni ìṣirò náà wà fún; ilé àti ilẹ̀ jẹ́ ohun ìní. Nítorí náà, bí rédíò bá sọ pé ọjà kò gbówó lórí ní oṣù yìí, kò tíì sọ ohunkóhun nípa iye ilẹ̀ ní Kambolé.

Kí ni a lè ṣe? Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń wọn iye. Àpẹẹrẹ ni àwọn nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé e yìí.

Èkíní: kí á mọ ìwọ̀n. Bọ́ọ̀lù ni a fi ń wọn àgbàdo. Bí bọ́ọ̀lù tèmi bá kéré sí tìrẹ, a kò lè fi iye wọn wé ara wọn. Mítà ni bọ́ọ̀lù ilẹ̀. Ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà 20 ní ìbú, mítà 30 ní gígùn, 600 ni ìwọ̀n rẹ̀. Bí a bá tà á ní 500 000, mítà kan jẹ́ 833 fáráǹkì. Bí a bá ta ààbọ̀ rẹ̀, 300, ní 300 000, mítà kan di 1 000 fáráǹkì. Èyí tí ó dà bí ẹni pé ó pọ́ọ́kú ni ó wọ́n jù.

Èkejì: kí á wá iye àárín. Ká ní wọ́n ta ilẹ̀ márùn-ún: 400 000, 450 000, 500 000, 550 000 àti 3 100 000. Bí a bá pa wọ́n pọ̀, tí a pín in sí márùn-ún, yóò jẹ́ 1 000 000. Ṣùgbọ́n mẹ́rin nínú wọn kò dé 600 000! Ilẹ̀ kan ṣoṣo, bóyá èyí tí ó wà lójú títì, ni ó gbé gbogbo wọn sókè. Bí a bá tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, tí a mú èyí tí ó wà láàárín, 500 000 ni. Èyí sún mọ́ òtítọ́.

Ẹ̀kẹta: kí á fi irú wé irú. Ilẹ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ, tí à ń pè ní titre foncier, kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí ẹbí méjì ń jà lé lórí. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀mọ̀wé méjì, Karl Case àti Robert Shiller, lo ọgbọ́n yìí ní nǹkan bí 40 ọdún sẹ́yìn: ilé kan náà tí wọ́n tà lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n ń wò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá iye ilé gòkè ní tòótọ́.

Ní Faransé, láti 2019, ìjọba ti ṣí ìwé iye tí wọ́n san lórí ilé àti ilẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Tiwa náà lè bẹ̀rẹ̀ ní kékeré. Mo dá a lábàá pé kí ilé-iṣẹ́ mẹ́rì àti àwọn olóyè ní ìwé kan, tí a ó máa kọ ohun márùn-ún sí: ọjọ́ tí a tà, àdúgbò, ìwọ̀n, iye tí a san, àti irú ìwé tí ilẹ̀ náà ní. Kí á má ṣe kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí á ka iye àárín sókè ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà àti lórí rédíò.

Àwọn àgbà kan yóò sọ pé ilẹ̀ kì í ṣe ọjà, pé kíkọ iye rẹ̀ yóò mú kí àwọn ọmọ tà á. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n títà náà ti ń lọ lójoojúmọ́, àìsọ̀rọ̀ wa kò dá a dúró. Ẹni tí ó ń jèrè níbẹ̀ ni ẹni tí ó mọ iye nígbà tí àwọn yòókù kò mọ̀ ọ́n. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù owó orí, wọ́n a sì kọ iye tí ó kéré sínú ìwé. Ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra: bí ìjà bá dé, iye tí a kọ ni adájọ́ yóò rí. Bí gbogbo wa bá sì kọ irọ́, irọ́ ni àwọn ọmọ wa yóò máa fi dá iye lé ilẹ̀ wọn.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá tún gbọ́ pé ilẹ̀ ti wọ́n, ẹ béèrè pé: ta ni ó sọ ọ́? Ṣé iye tí a pè ni, tàbí iye tí a san? Mítà mélòó ni? Ìwé wo ni ó ní? Ẹ fi bírò kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.